Ìlú, aba àti ibà: bí ẹ ṣe lè fi Excel ṣe ìṣirò ìtànkálẹ̀ àfòmọ́ láàárín ibi méjì

Àgbẹ̀ tó nílé n'Íbàdàn tàbí l'Ọ́yọ̀ọ́, tí oko rẹ̀ sì jìnnà, ibi méjì ló ń gbé. Alẹ́ mìíràn bá a nílé, alẹ́ mìíràn bá a ní aba. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri kì í sì í pọ̀ bákan náà níbi méjèèjì. Ẹni tó bá wá ro ìlú àti aba pọ̀ bí ẹni ro àmàlà, tó ní òun ń ṣírò ibà, irọ́ ni ìṣirò náà máa pa fún un. A ó ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, a ó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn tó ń lọ tó ń bọ̀ so wọ́n pọ̀.

Excel tàbí LibreOffice Calc ti tó iṣẹ́ yìí. Ìlú àti aba tí a fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe ibì kan pàtó. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tiwa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ to àwọn òdiwọ̀n jọ

Ronald Ross, dókítà tó rí kòkòrò ibà (òun ni a ń pè ní àfòmọ́ níhìn-ín) nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà lọ́dún 1897, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1902, òun náà ló kọ́kọ́ gbé ìṣirò yìí kalẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, George Macdonald fi bí ẹ̀mí ẹ̀fọn ṣe gùn tó kún un. Òdiwọ̀n mẹ́fà ló wà nídìí rẹ̀:

a = 0.3. Iye ìgbà tí ẹ̀fọn kan ń jẹ èèyàn lóòjọ́, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta.
b = 0.5. Bí ẹ̀fọn tí àfòmọ́ ti gbó nínú rẹ̀ bá jẹ èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan máa ràn.
c = 0.15. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹni tó ní ibà lára nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà 15 ni ẹ̀fọn máa kó o.
g = 0.1. Ìdá ẹ̀fọn tó ń kú lóòjọ́. Ẹ̀fọn kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá láyé.
n = 10. Iye ọjọ́ tí àfòmọ́ fi ń gbó nínú ẹ̀fọn kí ó tó lè ran èèyàn.
r = 0.005. Ẹni tí kò lo oògùn máa gbé àfòmọ́ náà fún nǹkan bí igba ọjọ́.

Ẹ wo g àti n dáadáa. Ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó àfòmọ́, kí ó tún wà láàyè fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó wúlò fún ibà. Iye tó ń là á já ni e⁻ᵍⁿ (e jẹ́ nǹkan bí 2.718), tó jẹ́ 0.368 níhìn-ín: nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀fọn, 37 péré. Bí ẹ bá fi oògùn ara ògiri tàbí nẹ́ẹ̀tì olóògùn sọ g di 0.2, 0.135 ni iye yẹn máa dà, àwọn tó sì là á já pàápàá kò ní pẹ́ láyé mọ́. Agbára ìtànkálẹ̀ máa já sí ìdá 18 nínú 100 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì dín iye ẹ̀fọn kù sí ìdajì láìfọwọ́ kan ẹ̀mí wọn, ìdajì péré ni agbára náà máa dín. Nítorí náà, òdiwọ̀n tó yẹ kí ẹ náwó lé lórí jù ni g.

Ó ku m, iye abo ẹ̀fọn Anopheles (ẹ̀yà ẹ̀fọn tó ń gbé ibà) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó sùn níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ka ẹ̀fọn inú igbó. Ohun tí a lè kà ni iye ẹ̀jẹ, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ èèyàn, fún ẹnì kan lálẹ́ kan, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú m × a. Bí ó bá jẹ́ 0.6 ní aba, ẹ pín in sí 0.3, m di 2. Bí ó bá jẹ́ 0.03 nílùú, m di 0.1. Àwọn mìíràn ń lo pańpẹ́ oníná, wọn a sì kọ iye tí wọ́n bá nínú rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀jẹ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi pańpẹ́ àti ìkà ẹ̀jẹ wéra níbi kan náà fún alẹ́ mélòó kan, kí ẹ tó mọ iye tí ẹ máa fi sọ ọ̀kan di èkejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín ilẹ̀, kí ẹ sì pín èèyàn

Bí ẹ̀fọn ṣe ń fò ni kí ẹ fi pín ilẹ̀. Ààlà ìjọba ìbílẹ̀ kò kan ẹ̀fọn. Anopheles kì í sábà rìn ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ. Aba tí kò tó kìlómítà kan síra wọn, ibì kan náà ni wọ́n. Èyí tó ju kìlómítà mẹ́ta lọ, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tó bá bọ́ sáàárín, ẹ ṣe é lọ́nà méjèèjì kí ẹ wò ó bóyá àbájáde máa yí padà.

Ibi tí kálukú ń sùn ni kí ẹ fi pín èèyàn. Ibi tó forúkọ sílẹ̀ sí kò ní í ràn yín lọ́wọ́. Anopheles gambiae, òru ló ń jẹ èèyàn. Ẹni tó lọ sóko láàárọ̀ tó padà ní ìrọ̀lẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ìṣirò aba, bí ó tilẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, òun gan-an ni ká wá rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Tábìlì oorun

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá. Ìbéèrè tí ẹ máa bi èèyàn ni pé, “Níbo lẹ sùn lálẹ́ àná?” Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í ní ti ìjẹta, kí ẹ máa padà sẹ́yìn títí dé alẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹ má bi í pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń lọ sí aba?” Ohun tó rò pé ó ń ṣe ló máa sọ fún yín, kì í ṣe ohun tó ṣe. Ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àpẹẹrẹ tiwa rèé:

Ará ìlú tí kò lóko: èèyàn 9,000. Nílùú 1, ní aba 0.
Onílé méjì: èèyàn 1,000. Nílùú 0.7, ní aba 0.3.
Ará aba: èèyàn 500. Nílùú 0.1, ní aba 0.9.

Iye orí ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé 1. Bí kò bá pé, alẹ́ kan ti sọnù: bóyá ẹni náà sùn l'Ékòó fún ìnáwó. Ẹ ṣí òpó kẹta fún “ibòmíràn” dípò kí ẹ fipá tì í sínú méjì tó wà nílẹ̀.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi ìsọfúnni fóònù dípò ìbéèrè. Láàárín ìlú ńlá méjì, ó dára. Ní aba, òpó fóònù kan lè bo aba mẹ́wàá, ẹni mẹ́ta lè máa lo fóònù kan, fóònù náà sì lè wà nílùú níbi tí iná wà nígbà tí ẹni tó ni ín wà lóko.

Ẹ ka iye èèyàn tó ń sùn níbì kọ̀ọ̀kan lóru. Nílùú: 9,000 + 700 + 50 = 9,750. Ní aba: 300 + 450 = 750. Iye ará aba nínú ìwé jẹ́ 500, ṣùgbọ́n 750 ni ẹ̀fọn ń bá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé e sórí Excel

Ìlà kan dúró fún ọjọ́ kan. Òpó A jẹ́ ọjọ́. B, C àti D jẹ́ ìdá àwọn tó ní àfòmọ́ lára nínú ará ìlú, onílé méjì àti ará aba. E àti F jẹ́ ìdá wọn láàárín àwọn tó sùn nílùú àti ní aba. G àti H jẹ́ iye ẹ̀jẹ tó lè ràn, fún ẹnì kan lóru kan, nílùú àti ní aba.

Lórí ìlà 2, ẹ kọ 0 sí B2, 0 sí C2, 0.01 sí D2. Lẹ́yìn náà:

E2: =(9000*B2+700*C2+50*D2)/9750
F2: =(300*C2+450*D2)/750
G2: =0.1*0.3*0.368*0.045*E2/(0.1+0.045*E2)
H2: =2*0.3*0.368*0.045*F2/(0.1+0.045*F2)

B3: =B2+0.5*G2*(1-B2)-0.005*B2
C3: =C2+0.5*(0.7*G2+0.3*H2)*(1-C2)-0.005*C2
D3: =D2+0.5*(0.1*G2+0.9*H2)*(1-D2)-0.005*D2

0.045 ni a × c. Nínú G àti H, iye tó ṣáájú ni m ti ibẹ̀: 0.1 fún ìlú, 2 fún aba. A kò ya òpó sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọn nítorí pé ayé wọn kúrú sí ti ibà lára èèyàn. Kí tèèyàn tó yí díẹ̀, tiwọn ti fìdí múlẹ̀.

Kí ẹ tó fà á sísàlẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: F2 gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.006, H2 nǹkan bí 0.00059, D3 nǹkan bí 0.0102. Bí D3 bá kéré sí D2, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi m ìlú, 0.1, sí ipò m aba nínú H2. Ẹ wá fa E2 sí H2 wá sí ìlà 3, kí ẹ sì fa gbogbo ìlà 3 lọ sí ìlà 3000, ìyẹn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Tí ẹ bá ti mọwọ́ rẹ̀, ẹ kó àwọn òdiwọ̀n lọ sí òpó J, kí ẹ máa pè wọ́n pẹ̀lú $J$1, $J$2, kí ẹ má baà máa wá 0.3 kiri nínú fọ́múlà. (0.3 méjì tó wà nínú C3 àti G2 kì í ṣe nǹkan kan náà: ti C3 jẹ́ alẹ́ aba, ti G2 jẹ́ a. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an.)

Ẹ má fò lọ́gbọ̀n-lọ́gbọ̀n ọjọ́ kí iṣẹ́ lè yá. Níbi tí ẹ̀fọn bá ti pọ̀, ìdá tó ní ibà máa ju 1 lọ, lẹ́yìn náà a bọ́ sábẹ́ òdo, ẹ ó sì máa wá àrùn tuntun níbi tí kò ti sí nǹkan kan ju ìṣísẹ̀ tó gùn jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka ohun tó jáde

Níbi tí iye ti dúró, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ará ìlú ló ní àfòmọ́ lára, 63 nínú 100 onílé méjì, àti 83 nínú 100 ará aba. Lóru, ẹnì kan nílùú ń gba ẹ̀jẹ aránniníbà tó tó 0.15 lọ́dún kan. Ní aba, nǹkan bí 20.

Bí ìlú bá dá wà ni, ibà ò bá ti tán níbẹ̀. Àwọn onílé méjì ló ń gbé e wọlé, ẹ̀fọn ìlú díẹ̀ tó wà sì ń pín in kiri. Nínú nǹkan bí 990 ẹni tó nílé nílùú tó ní àfòmọ́, 630 jẹ́ onílé méjì, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá ará ìlú ni wọ́n.

Ẹ wá dán àṣìṣe tó gbajúmọ̀ jù wò. Ẹ da ará ìlú àti onílé méjì pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, 10,000, tí kálukú ń lo 0.03 alẹ́ rẹ̀ ní aba. Àròpọ̀ alẹ́ kò yí padà. 750 ló ṣì ń sùn ní aba. Síbẹ̀, àwọn tó nílé nílùú tó ní àfòmọ́ máa fò láti nǹkan bí 990 sí nǹkan bí 1,730. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ kẹwàá lára ẹni tó ti ní ibà tẹ́lẹ̀ kò fi ẹnì kan kún iye. Tí ẹ bá pín ẹ̀jẹ wọ̀nyẹn fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bá ara tuntun pàdé. Ìṣirò náà á wá sọ pé kí ẹ pín nẹ́ẹ̀tì yí gbogbo ìlú ká.

Owó ibà wà fún ibì kan ṣoṣo ńkọ́? Ẹ sọ m ìlú di 0: nǹkan bí 630 ẹni tó nílé nílùú ló ṣì máa ní àfòmọ́. Ẹ dá a padà, kí ẹ sọ m aba di 1: nǹkan bí 650. Ẹ̀fọn 975 lẹ pa tán lọ́nà kìíní, 750 péré lẹ dín lọ́nà kejì, iye tó kù nílùú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n lọ́nà kejì, ará aba pẹ̀lú rí ìrọ̀rùn, láti 83 wá sí nǹkan bí 67 nínú 100.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: R0 tó bo ibi méjèèjì

R0 ni iye èèyàn tí ẹnì kan máa kó ibà ràn, nípasẹ̀ ẹ̀fọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní in. Fún ibì kan ṣoṣo: m × a² × b × c × e⁻ᵍⁿ ÷ (r × g). Ìlú jẹ́ 0.497, aba jẹ́ 9.93. Bí ẹ bá da ẹ̀fọn gbogbo pọ̀, kí ẹ pín in fún gbogbo èèyàn, m di 0.236, R0 di 1.17, ẹ ó sì rò pé títì díẹ̀ ló kù kí ibà ṣubú. Irọ́ ńlá ni.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ ṣírò iye tí alẹ́ ń so pọ̀:

Ìlú–ìlú: 9000×1×1 + 1000×0.7×0.7 + 500×0.1×0.1 = 9,495
Ìlú–aba: 1000×0.7×0.3 + 500×0.1×0.9 = 255
Aba–aba: 1000×0.3×0.3 + 500×0.9×0.9 = 495

Ẹ sọ ọ́ di iye mẹ́rin: 0.497×9495÷9750 = 0.484, 0.497×255÷9750 = 0.013, 9.93×255÷750 = 3.38, 9.93×495÷750 = 6.55. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u = 1, v = 1. U tuntun ni 0.484u + 0.013v, v tuntun ni 3.38u + 6.55v. Ẹ fi èyí tó tóbi jù pín méjèèjì, kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, iye tí ẹ fi ń pín máa dúró sí nǹkan bí 6.56. Òun ni R0. Ó kéré sí 9.93 ti aba nìkan nítorí àwọn tó ń sùn ní aba máa ń lọ ṣòfò alẹ́ níbi tí ẹ̀fọn kò sí.

Láti mú un wá sábẹ́ 1, ẹ gbọ́dọ̀ dín ìtànkálẹ̀ kù pẹ̀lú ìdá 85 nínú 100. Bí ẹ bá ṣe é níbi méjèèjì, 85. Bí ẹ bá ṣe é ní aba nìkan, láìfọwọ́ kan ìlú, 85 náà ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Òjò

Ẹ̀fọn pọ̀ nígbà òjò, ìgbà òjò náà sì ni iṣẹ́ oko ń dá àgbẹ̀ dúró sí aba. Bí m aba bá jẹ́ 3.6 nígbà òjò àti 0.4 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ààrín rẹ̀ jẹ́ 2. Bí alẹ́ onílé méjì ní aba bá jẹ́ 0.5 nígbà òjò àti 0.1 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ààrín rẹ̀ jẹ́ 0.3. Ààrín lọ́nà ààrín: 2 × 0.3 = 0.6. Òótọ́ rẹ̀: (3.6×0.5 + 0.4×0.1) ÷ 2 = 0.92. Ẹ̀jẹ fi ìlàjì lé sí ohun tí ẹ rò. Nítorí náà, ẹ fún m àti tábìlì oorun ní òpó tiwọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ààrín ọdún ṣe é. Bí alẹ́ bá yí padà, iye tó ń sùn níbì kọ̀ọ̀kan máa yí padà pẹ̀lú, nítorí náà 9,750 àti 750 kò gbọ́dọ̀ dúró bí òkúta.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Aba kékeré

Ní aba tí èèyàn ogún ń gbé, ìṣirò yìí lè sọ pé 0.02 èèyàn ló ní ibà, kí ó sì jí dìde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láti ara ìdá èèyàn yẹn. Kò sí ìdá èèyàn. Níbi tí iye kò bá tó àádọ́ta, ẹ ka èèyàn ní odidi: fún àwọn tí kò tíì ní in, =BINOM.INV(iye wọn, 1-EXP(-ipá), RAND()), níbi tí ipá jẹ́ 0.5 lọ́nà ẹ̀jẹ tó kan wọn. Ẹ lo irú rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà igba, kí ẹ ka iye ìgbà tí ibà tán pátápátá. Ìyẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ààrín.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ gidi

Ẹ mọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ka ibà kí ẹ tó bá ìṣirò jà. Àyẹ̀wò kíákíá tó ń wá HRP2, èròjà kan tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ṣì lè fi ibà hàn lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn ti pa á. Awò asọ-ohun-kékeré-di-ńlá kì í rí àfòmọ́ tó bá kéré gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan á máa kà jù, èkejì á máa kà dín.

Ẹ má sì gbìyànjú láti fi iye ẹ̀jẹ̀ yìí wá m àti b pọ̀. Nínú R0, ìlọ́po wọn nìkan ló ń hàn: m = 2 pẹ̀lú b = 0.5 àti m = 4 pẹ̀lú b = 0.25, R0 kan náà ni. Ẹ di ọ̀kan mú láti ibòmíràn, kí ẹ wá èkejì.

Bí ìṣirò bá ga ju ẹ̀jẹ̀ lọ láàárín àwọn àgbà, tó sì bá ti àwọn ọmọdé mu, òdiwọ̀n yín lè má ní àbùkù. Àgbà tí ibà ti jẹ lára láti kékeré ní agbára tí ìṣirò Ross kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ Dietz, Molineaux àti Thomas fi kọ òmíràn lọ́dún 1974 fún iṣẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe ní Garki, ní ìpínlẹ̀ Kano ìgbà náà: wọ́n ya àwọn tó ti ní agbára náà sọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ tiwọn. Nínú tábìlì yín, ẹ kọ́kọ́ pín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọmọdé tí kò tó ọdún mẹ́wàá àti àgbà, kí ẹ sì jẹ́ kí r àgbà pọ̀ díẹ̀. Ìlà mẹ́fà lẹ máa ní dípò mẹ́ta. Irú fọ́múlà kan náà ni, ṣùgbọ́n E àti F gbọ́dọ̀ ro ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀.